Igi Àgbálùmọ̀ Tí Mo Jà Fún ní Abà Ajíbóyè

Ó ti pé ọdún mélòó kan tí mo ti padà sí Ìsánlú, ìbéèrè kan náà lẹ ṣì ń bi mí, lọ́jà, ní ṣọ́ọ̀ṣì, títí kan yàrá àwa olùkọ́: "Tíṣà, ṣé ẹ gun kẹ̀kẹ́ ńlá náà?" Ẹ ti gbọ́ pé ọlọ́rọ̀ kan ń kọ́ ọgbà ìgbafẹ́ sẹ́yìn Ìbàdàn, irú èyí tí wọ́n ní ó wà lókè òkun, tí kẹ̀kẹ́ gìrìwò yóò máa gbé ọmọdé yípo lókè, tí ọkọ̀ ojú irin kékeré yóò sì máa gbé àwọn òbí wọn kiri. Ẹ sì gbọ́ pé èmi ni wọ́n ránṣẹ́ sí láti wá ya àwòrán rẹ̀. Irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n n kò gun kẹ̀kẹ́ kankan. Kò sí kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ nígbà náà, kò sì tíì sí di òní yìí. N kì í fẹ́ sọ ìyókù, ẹ sì mọ̀ pé èmi kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ ń wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù kò sí láyé mọ́. Ìyẹn nìkan ló jẹ́ kí n lè gbé kálàmù báyìí.

Ojú ọ̀nà

Ayé àwọn ológun ni, nígbà tí epo bẹntiróò di ohun tí ọkùnrin ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ tò sí. Ẹni tó pè mí ni a óò máa pè ní Ẹnjiníà. Ó ti ṣe àgùnbánirọ̀ nílé ìwé wa rí, ó sì fẹ́ràn àwọn ẹyẹ tí mo yà sára ògiri kíláàsì. Ó là lẹ́yìn ìgbà náà. Nígbà tí ilé ìwé gba ìsinmi gígùn, mo di ẹrù mi, mo di bébà àti yíǹkì mi, mo sì gba ọ̀nà lọ.

Láti ìgbà tí a ti kọjá Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti mọ̀ pé mo ti di àjèjì. Obìnrin kan tó jókòó tì mí nínú ọkọ̀ bi mí níbi tí mo ti wá. Mo ní Ìsánlú. Ó ní ibo nìyẹn. Mo ní Yàgbà.

"Háà, ẹ̀yin ará òkè! Ṣé Yorùbá lẹ ń sọ lọ́hùn-ún?"

"Ìyá, kí lẹ rò pé mo ti ń bá yín sọ láti Ìlọrin?"

Ó rẹ́rìn-ín títí gèlè fi yẹ̀ lórí rẹ̀, ó sì na èkuru tó wà nínú ewé sí mi. Báyìí ni ìwà wọn rí ní gbogbo apá ibẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ bú ọ, wọ́n á wá fún ọ lóúnjẹ, inú á sì máa bí ọ pé oúnjẹ náà dùn.

Abà Ajíbóyè

Abúlé kékeré kan ni, ó kọjá Àkànràn, oko kòkó àti obì ló yí i ká. Nígbà tí a dé, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Àwọn èèyàn jáde wá dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n ń wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Baálẹ̀, ọkùnrin kan tí kò tíì tó àádọ́ta ọdún, tó ní ojú bíi ti ẹni tí kò sùn dáadáa, gba àpótí lọ́wọ́ mi.

"Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì," ni ó wí. "Ẹ káàbọ̀, Tíṣà."

Mo rò pé ìkíni lásán ni. Nígbà tó yá ni mo tó mọ̀ pé ẹkún ara rẹ̀ ló ń sun. Àwọn àgbà ilé wọn nínú ìgboro Ìbàdàn, mọ́gàjí àti àwọn ìgbìmọ̀ rẹ̀, ti ta ilẹ̀ náà fún Ẹnjiníà. Àwọn tó ń gbé orí ilẹ̀, tí bàbá wọn gbin kòkó tó wà níbẹ̀, kò sí níbi tí wọ́n ti tà á. Ohun tó kù fún wọn ni kí wọ́n kó lọ sí òdìkejì odò kí òjò tó le.

Àbí kí n ní ohun méjì ló kù. Ẹnjiníà ní ọgbà tó bá fẹ́ lórúkọ gbọ́dọ̀ ní àmì: ohun kan ṣoṣo tí a óò yà sí ẹnu ọ̀nà, sára fìlà, sára tíkẹ́ẹ̀tì, tí ọmọ Èkó bá rí i, á mọ̀ pé ọgbà Abà Ajíbóyè nìyí. Kò fẹ́ kí wọ́n rọ nǹkan tuntun. Ó fẹ́ ohun tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì ní kí àwọn ará abà fẹnu ara wọn yàn án. Ohun tí wọ́n bá yàn, katapílà kò ní fọwọ́ kàn án, àti ogún ìṣísẹ̀ ní àyíká rẹ̀. Gbogbo ìyókù á di pẹrẹsẹ.

Ẹ wo àwọn èèyàn tí wọ́n ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n wá ń bára wọn jiyàn láàárọ̀ lálẹ́ lórí ohun tí wọn yóò yà sára fìlà. Mo rẹ́rìn-ín sí wọn nínú mi. Ojú ń tì mí báyìí tí mo bá rántí rẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń jà lé lórí. Èkíní ni Òkè Àánú, àpáta dúdú kan tí àwọn Aládùúrà ti ń gbààwẹ̀. Èkejì ni igi àgbálùmọ̀ tó wà láàárín abà, tó ga, tó fẹ̀, tí ìbòòji rẹ̀ gba ilé mẹ́ta. Ẹ̀kẹta ni kànga kan tí àwọn àgbà ìṣáájú gbẹ́, tí wọ́n fi òkúta tò létí. Kànga yìí ti gbẹ látìgbà tí Baálẹ̀ ti wà lọ́mọdé, wọ́n sì ti fi pákó bo ojú rẹ̀.

Lọ́dọ̀ Ìyá Dọ́lápọ̀

Ilé opó kan ni wọ́n fi mí wọ̀ sí. Ìyá Dọ́lápọ̀ ni wọ́n ń pè é, Aládùúrà ni, ẹsẹ̀ lásán ló fi ń rìn, sùtánà rẹ̀ sì funfun ju bébà mi lọ. Láfún ló gbé fún mi lọ́jọ́ kìíní, láfún ló gbé fún mi lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé iyán ni wọ́n fi wẹ̀ mí. Lọ́jọ́ kẹta, mo fajú ro sí àwo.

"Iyán loúnjẹ, mo gbà," ni ìyá wí. "Ṣùgbọ́n ta ní fẹ́ gbin iṣu sábẹ́ kòkó nítorí àlejò? Ẹ jẹun, Tíṣà. Ikùn ò mọ Yàgbà."

Mo jẹ ẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà la jókòó sẹ́yìnkùlé tí à ń bẹ ẹ̀gẹ́. Ọkùnrin arúgbó kan jókòó lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ ní ọ̀kánkán wa, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá Ràímì ni. Gbogbo ọjọ́ tí mo ti dé, tó bá ti kírun Alásàrí tán, ibẹ̀ ló ń wá jókòó sí. Kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀.

Ìyá ń wò ó. Ó wá bi mí pé, "Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èwo ló wù yín?"

Mo ní n kò tíì mọ̀.

"Ọmọ kan ni mo bí," ni ó wí, ọ̀bẹ kò sì dúró lọ́wọ́ rẹ̀. "Wọ́n ti ń wá tọrọ rẹ̀ nígbà tí àìsàn mú un lọ. Wọ́n fà mí lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi ní Àkànràn lọ́jọ́ náà. Kí n tó dé, wọ́n ti sin ín. Ẹ mọ̀ pé wọn kì í fi sàréè ọmọ han ìyá."

"Bákan náà ni lọ́dọ̀ wa, mà."

"N kò bèèrè, wọn kò sì sọ. Àwọn méjì ló gbẹ́ ilẹ̀. Àbúrò ọkọ mi ti kú. Èkejì nìyẹn." Ó fi àgbọ̀n júwe Bàbá Ràímì. "Láti ọdún náà wá, ẹ̀ẹ̀rùn o, òjò o, kò sí ọjọ́ tí wọn kò ní lọ jókòó síbẹ̀. Wọ́n nílé, wọ́n ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kí ni wọ́n ń wá lábẹ́ igi? Ojú lọ̀rọ̀ wà, ọmọ mi. Wọ́n ń bá mi ṣọ́ ọ ni. Èmi kì í súnmọ́ ibẹ̀, nítorí èèwọ̀ ni. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá hú igi yẹn, wọ́n ti hú Dọ́lápọ̀."

Kò sunkún. Èmi ni omi bọ́ lójú mi sórí ẹ̀gẹ́. Mo ní kí ó fọkàn balẹ̀, pé iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn.

Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni lóòótọ́. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ya igi náà, yíǹkì ni mo fi yà á, mo kó èso sí i lórí ju bí Ọlọ́run ti kó o lọ. Mo ya àpáta bó ti rí. Kànga ni mo fi pẹ́ńsùlù yà ní ìdajì wákàtí, ó sì rí bí ẹnu ìkòkò fífọ́. Àbòsí ni, mo sì mọ̀ pé àbòsí ni. Mo rò pé àbòsí rere wà.

Ìpàdé

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Baálẹ̀ la ti pàdé, Ẹnjiníà jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó ní ìrọ̀rí. Wọ́n lẹ àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ ògiri. Gbogbo ojú sì wà lára igi.

Wòlíì àwọn Aládùúrà ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà àgàn lórí Òkè Àánú, pé ọgbà tó bá gbé òkè náà sórí fìlà, ìbùkún ló gbé sórí. Ó sọ ọ́ dáadáa. Àwọn kan ti ń ṣe "Àmín." Ni mo bá gba àyè ọ̀rọ̀.

"Bàbá Wòlíì, ẹ ṣeun. Katapílà wo ló fẹ́ gbé Òkè Àánú? Ẹ yàn án o, ẹ má yàn án o, ibi tí Ọlọ́run fi í sí náà ni yóò wà. Ẹ jẹ́ ká lo àyè tí wọ́n fún wa fún ohun tó lè parun."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wòlíì fúnra rẹ̀ mi orí, ó ní, "Tíṣà ò purọ́," ó sì jókòó. Orí mi wú.

Ìgbà yìí ni Bàbá Ràímì dìde. N kò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Ó fi ọ̀pá gbé ara rẹ̀ ró.

"Kànga," ni ó wí. "Kànga ni kí a mú."

Ẹ̀rín bú sílẹ̀. Ọmọge kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Kànga tó ti gbẹ kí wọ́n tó bí mi, Bàbá?"

"Gbogbo bàbá yín ló mu níbẹ̀," ni Bàbá Ràímì wí. "Kànga ló dá abà yìí sílẹ̀. Igi á tún hù. Kànga... ẹ̀yìn kànga yẹn..." Ó dúró. Ó wo ọ̀dọ̀ wa, níbi tí èmi àti Ìyá Dọ́lápọ̀ jókòó sí. "Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀," ni ó wí. "Kì í ṣe gbogbo aṣọ là ń sá lóòrùn."

Ẹnjiníà wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Bàbá, ẹ parí ọ̀rọ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́."

Bàbá Ràímì wá yí sí Ìyá Dọ́lápọ̀. "Ìyàwó wa, ẹ dákun, ẹ bá mi lọ wo ewúrẹ́ mi lẹ́yìnkùlé. Ó ń rọbí."

Ìyá kò mira. Ó yọ́ ọ̀rọ̀ sí mi létí pé, "Wọ́n fẹ́ kí n jáde kí ọwọ́ tí yóò nà sókè fún igi dín kan."

Ẹ̀jẹ̀ mi gbóná. Ẹ mọ̀ mí. Ogún ọdún ni mo ti ń jókòó nínú ìpàdé tí àwọn ọkùnrin ti ń rán obìnrin lọ gbé omi wá nígbà tí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ dójú ẹ̀. Mo dìde.

"Bàbá, ewúrẹ́ lè dúró. Kò sí obìnrin tí yóò kúrò níbí lónìí kí ìpàdé tó parí. Àti pé, ẹ foríjì mí, ta ni yóò wọ ọkọ̀ láti Ìbàdàn wá wo ihò gbígbẹ?"

Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́. Àwọn ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Bàbá Ràímì wò mí, kò bínú, ó kàn wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó ń fi iná ṣeré. Ó jókòó díẹ̀díẹ̀.

Wọ́n ní kí a nawọ́, igi ló sì borí. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló gba ti kànga, ọwọ́ náà sì pẹ́ lókè lẹ́yìn tí wọ́n ti kà á tán. Ẹnjiníà ní katapílà ti wà ní Àkànràn, pé kí òjò má baà ká wọn mọ́, àárọ̀ ọ̀la ni yóò wọlé.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo gbọ́ ohùn ọkùnrin lẹ́nu ọ̀nà wa tó ń pe Tíṣà. Kí n tó wọ bàtà, Ìyá Dọ́lápọ̀ ti ṣáájú mi jáde, inú rẹ̀ ń dùn, ó ń kí i kú ìrọ̀lẹ́. Bàbá Ràímì wo ìyá, ó wò mí lẹ́yìn rẹ̀.

"Mo ní kí n kí yín ni," ni ó wí, ó sì yí padà. N kò tẹ̀ lé e. Mo rò pé ó wá bẹ̀ mí ni, mo sì fẹ́ kí ìjákulẹ̀ náà dùn ún díẹ̀.

Katapílà

N kò rí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ rí ní Ìsánlú. Ilẹ̀ ń mì kí ó tó yọ sí wa. Ilé tí bàbá ẹlòmíràn fi ọdún mẹ́ta mọ, ẹ̀ẹ̀kan ló fi imú kàn án. Àwọn obìnrin ká ọwọ́ lérí. Baálẹ̀ ń wo ilé tirẹ̀ bó ti ń lọ.

Nígbà tó kan kànga, Bàbá Ràímì ti dúró síwájú rẹ̀. Awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún un. Bàbá kò yẹra. Baálẹ̀ ní, "Bàbá, ẹ má dójú tì wá, kànga lásán!" Ó di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú. Èmi ni mo di ọwọ́ òsì mú. Ó fúyẹ́, kò sì bá wa jà. A mú un kúrò níbẹ̀ láàárín àwa méjì.

Lábẹ́ igi, Ìyá Dọ́lápọ̀ na ọwọ́ méjèèjì sókè nínú sùtánà funfun, ó ń kọrin ọpẹ́.

Ẹ̀rọ náà ti òkúta sínú kànga, ó da erùpẹ̀ lé e, ó wá lọ sẹ́yìn kànga, ó ń fẹ̀yìn rìn, ó ń lọ síwájú, títí ilẹ̀ náà fi dán. Bàbá Ràímì ṣí fìlà rẹ̀. Mo gbọ́ tó ń ka Ìnnà Lílàhì sábẹ́ ọ̀fun. Mo mọ ohun tí wọ́n ń ka ìyẹn fún. Àwọn Mùsùlùmí wà ní Ìsánlú.

"Bàbá, ta ló kú?"

Ó wo ọ̀dọ̀ igi ná. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká rìn."

A wọnú oko kòkó, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè gbọ́.

"Ìṣísẹ̀ méje sẹ́yìn kànga," ni ó wí. "Èmi àti àbúrò bàbá rẹ̀."

"Ṣùgbọ́n abẹ́ igi lẹ máa ń jókòó sí!"

"Níbo lẹ fẹ́ kí n jókòó sí? Tí mo bá ń jókòó ti kànga, ṣé ìyá rẹ̀ ò ní mọ̀? Abẹ́ igi ni mo ti ń rí i tí ẹnikẹ́ni ò fi mọ ohun tí mò ń wò." Ó nu ojú pẹ̀lú fìlà. "Mo búra fún bàbá rẹ̀ pé ìyá ò ní mọ̀ ọ́n láti ẹnu mi. Mo ní kí wọ́n lọ wo ewúrẹ́ mi, Tíṣà. Ìṣẹ́jú kan ni mo fẹ́. Ẹ ní kí wọ́n má lọ."

Kò bú mi. Ì bá ti bú mi, ì bá ti gbá mi létí. Mo jókòó sórí ewé kòkó tó tutù, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́, arúgbó náà ló sì ń rẹ̀ mí lẹ́kún.

Ọjọ́ tí mo kúrò

Ọjọ́ kejì ni mo di ẹrù mi. Ìyá Dọ́lápọ̀ ní kí n kọ́kọ́ tẹ̀ lé òun. Abẹ́ igi àgbálùmọ̀ ló mú mi lọ, ó ti tẹ́ ẹní síbẹ̀. N kò rí i kí ó súnmọ́ ibẹ̀ rí ṣáájú àná.

"Èèwọ̀ ńkọ́, mà?" ni mo bi í.

"Èèwọ̀ wo? Igi gbogbo ayé ni báyìí. Ara fìlà ló máa wà. Ta ni yóò ní mo wá wo sàréè?" Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń ra ẹ̀yìn ọmọ. N kò rí ẹni tí ara tù tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. "Mo rí ẹ̀yin àti Bàbá Ràímì tí ẹ jọ wọnú kòkó lánàá. Kí ni wọ́n sọ?"

Ó ń wò mí. Mo mọ̀ pé ó mọ ohun tó ń bèèrè. Níwájú wa, níbi tí kànga wà tẹ́lẹ̀, wọ́n ti gbé katapílà sí, awakọ̀ jókòó sí ìbòòji rẹ̀, ó ń mu gàrí.

"Wọ́n ní kí n kí yín," ni mo wí.

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Bàbá Ràímì! Wọn ò ní sọ láéláé. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n má sọ." Ó tẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹní, ó fi ẹnu súnmọ́ ilẹ̀. "Dọ́lápọ̀, Tíṣà ń lọ o. Àwọn ló gbà ẹ́ lọ́wọ́ katapílà. Dìde kí wọn." Ó gbé ojú sókè sí mi, ó ń dúró. "Ẹ dá a lóhùn, Tíṣà. Ó ti kí yín."

Mo kúnlẹ̀ sórí ẹní. Mo ní, "Pẹ̀lẹ́ o, Dọ́lápọ̀. Má bínú sí mi." Ìyá ṣe àmín. Kò rí i pé ọ̀dọ̀ katapílà ni mo kọjú sí.